Ta Ló So Ọ́ Mọ́ Ọkọ̀?

Ọmọ mi, ẹyinjú mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé egungun ò ro ọ́? Mo mọ̀ọ́mọ̀ béèrè egungun lọ́tọ̀ nítorí ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí. Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní á máa dá ọ sí lọ, lórí ilẹ̀ o, lórí omi náà o, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ lo ti wá lọ ń dúró báyìí. Gbogbo ará ilé ń kí ọ. Àwọn adìyẹ wà dáadáa. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tó ń jò ti dákẹ́, torí òjò ti dá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ké bí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń rán. Bàbá rẹ náà wà, mò ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tiwọn ló pọ̀ jù. Jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá fi ibi tó já sí ṣíwájú, wàá rò pé orí mi ti dàrú.

Nígbà tí o kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé àsìkò síkì ti ń bọ̀, pé ò ń múra ara rẹ sílẹ̀ dè é, mo kà á sókè fún bàbá rẹ. Àwa mọ àsìkò òjò, a mọ àsìkò ìkórè. Mo bi wọ́n pé irúgbìn wo ló ń jẹ́ síkì. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ó lè jẹ́ ohun tí ará ìlú ńlá ń gbìn sínú ike lẹ́nu fèrèsé. Inú mi dùn, mo ní ó kúkú dáa, ọmọ wa ti ní oko. Àfi ìgbà tí o tún kọ òmíràn, tí o wá ṣàlàyé bí o ṣe ń múra ọ̀hún. Ọmọ mi, ẹnu mi ò lè pa dé.

O ní láràárọ̀ o máa ń fẹ̀yìn ti ògiri, wàá máa yọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi jókòó sórí afẹ́fẹ́, wàá sì wà bẹ́ẹ̀ títí itan rẹ á fi máa gbọ̀n. Mo sunkún. Mo ní háà, a rán ọmọ lọ sí ìlú ńlá, ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ọmọ ò ní àga! Ṣé ojú ló ń tì ọ́ láti sọ fún wa ni? Kíá ni mo lọ bá káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo ní kó bá mi kan àga tó lágbára, tó ní ẹ̀yìn, tó ní apá. Ìyẹn ni àga tí awakọ̀ tó ń kó pákó wá sọ́dọ̀ yín gbé wá fún ọ, tí o wá pè mí pé kí ni ti àga, pé àga kún ilé rẹ. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Kí ni ẹni tí àga kún ilé rẹ̀ ń wá lára ògiri?

O tún ní ọkùnrin kan wà tí ò ń sanwó fún, tó máa ń ní kí o gbé irin wúwo, wàá gbé e, á ní kí o gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, á tún ní kí o gbé e. Mo padà ka ibẹ̀. Níbí, ẹni tó bá gbẹ́rù là ń sanwó fún. Àti pé ibo gan-an ni irin náà ń lọ? Bí kò bá ní ibì kankan í lọ, ẹ jẹ́ kó sinmi. O ní o máa ń so rọ̀ mọ́ ọ̀pá bí àdán kí ọwọ́ rẹ lè le. O ní ẹsẹ̀ kan lo fi ń dúró fọ eyín. O ní funfun ẹyin nìkan lò ń jẹ, pé o máa ń da pupa rẹ̀ nù. Ọmọ mi, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mi ò lè wo àwọn adìyẹ mi lójú.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì kéré. Mò ń gé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onísíkì yín, pé wọ́n ti gba orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n máa pè bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ọ. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ṣé wọ́n ti mú ọjọ́ jàǹbá ọ̀hún ni? Mo kọ èsì pé ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ìyá rẹ̀ ò fọwọ́ sí jàǹbá kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú ètò yín. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá mi lóhùn pé a dúpẹ́, a ti rí ọ̀rọ̀ yín gbà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n ti yọ ọ́, pé ọmọlúàbí ni wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fídíò rẹ dé.

O mọ̀ bí bàbá rẹ ti ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti já bọ́ láti orí òrùlé. Egungun ẹsẹ̀ yẹn ti jinná tipẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n sọ ọ́ títí ó sú u, pé kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa nà án, kí wọ́n máa ká a, kí wọ́n máa rìn. Wọ́n á ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àga ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá, bí ẹnì kan bá kí wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ díẹ̀, ó parí. Bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní kí ni àwọn fẹ́ lọ wò níbẹ̀.

Orí àga yẹn ni wọ́n wà tí mo fi gbé fóònù síwájú wọn. Omi la kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ kan yọ, ó ń sá bí ẹni tó jalè. Lẹ́yìn ọkọ̀, okùn. Ní ìparí okùn, ìwọ! Orí pátákó méjì lo wà, o ká orúnkún díẹ̀, ojú rẹ fún pọ̀, irun rẹ ń fò lẹ́yìn bí àsíá, omi ń bú sókè lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí o wọ̀ lẹ fún mọ́ ara bí awọ ẹja, ó dé itan, ó dúró síbẹ̀. Èmi aránṣọ, mo mọ̀ pé aṣọ ló tán lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Fi ìwọ̀n ara rẹ ránṣẹ́, màá bá ọ rán ìyókù rẹ̀.

Bàbá rẹ kígbe. Wọ́n ní ta ló so ọmọ àwọn mọ́ ọkọ̀! Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ẹnu sún mọ́ ọn, wọ́n ń ké sí awakọ̀ pé kó dúró, pé ènìyàn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, pé ṣé kò lójú lẹ́yìn ni. Awakọ̀ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àwòrán dúró lójijì. Bàbá rẹ ní ó ti gbé e lọ. Èmi tún tẹ̀ ẹ́, o tún yọ, wọ́n tún ń fà ọ́ lọ. A wò ó láàárọ̀, wọ́n ń fà ọ́. A wò ó lọ́sàn-án, wọ́n ṣì ń fà ọ́. Mo ní ṣé ọmọ yìí ò ní jẹun ni? Mo pè ọ́ pè ọ́, o ò gbé e. Bàbá rẹ ní kí n yé pè é, pé ọwọ́ wo ni mo fẹ́ kó fi gbé e.

Báyìí la wà, ojú wa pọ́n, nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé. Ó ní kí ló dé, ta ló kú. Mo na fóònù sí i. Ó wò ó, ó tún un wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ó ní kí n má bínú, kí n wo ọwọ́ rẹ dáadáa. Mo gbé gíláàsì mi wọ̀. Ó ní ṣé mo rí okùn kankan lára ọmọ náà, lọ́rùn ọwọ́ ni, níbàdí ni? Mo ní rárá. Ó ní eré orí omi tí wọ́n ń pè ní síkì nìyẹn, pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló di igi tó wà ní orí okùn mú. Ó ní ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè jù ú sílẹ̀, ọkọ̀ á bá tirẹ̀ lọ, ọmọ á rì wẹ́rẹ́ sínú omi, ẹ̀wù tó wà láyà rẹ̀ á gbé e léfòó, wọn á sì padà wá gbé e. Ọmọ mi, nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹnì kan bá so ọ́, mo mọ ẹni tí màá lọ bá jà. Ìwọ lo di okùn mú! Àwọn irin tí ò ń gbé, ògiri tí ò ń fẹ̀yìn tì, ọ̀pá tí ò ń so rọ̀ sí, torí kí okùn má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni!

Nọ́ọ̀sì tún ní ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ ti pa ohùn rẹ̀ mọ́. Ó tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. A gbọ́ ẹ́ńjìnnì, a gbọ́ omi, lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò fẹ́ kí ibí yìí gùn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ rẹ, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Bí o bá pè, o máa ń ní mo wà dáadáa, màmá, bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Bí o bá wálé, ẹnu nìkan lo fi ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tí ò rí i. Ṣùgbọ́n èyí, láti inú ikùn ló ti ń bọ̀, pẹ̀lú bí èémí rẹ ṣe máa ń há níparí tí wàá fi dún bí ìkòkò tó ń hó, bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Mo wo bàbá rẹ. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e sétí bí ẹni tí wọ́n pè. Wọn ò wo àwòrán mọ́. Bó bá ti parí, wọ́n á na ọwọ́ sí mi kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún gbé e sétí. Títí iná fi tán nínú fóònù. Nọ́ọ̀sì rọra gbé báàgì rẹ̀, ó fi wá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ pọnmi, mò ń bọ̀ ni mo gbọ́ gbì nínú ilé. Mo ju korobá sílẹ̀. Bàbá rẹ ni mo bá tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀, ojú wọn dì, òógùn bò wọ́n, orúnkún wọn ń gbọ̀n. Mo ní ó tán, wọ́n ń kú lọ. Mo fi igbe ta. Káfíńtà sáré wọlé tòun ti òòlù lọ́wọ́, mo gbé omi tó kù, mo dà á lé wọn lórí. Láàárín omi ni wọ́n ti ń sọ pé ká fi àwọn sílẹ̀, pé àwọn jókòó ni. Káfíńtà ní ẹ jókòó sórí kí ni, sà? Wọ́n ní sórí afẹ́fẹ́. Káfíńtà wò mí, mo wo káfíńtà. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé kóun kan àga mìíràn ni.

Nígbà tó lọ tán, mo bi wọ́n pé ṣé orí wọn pé. Wọ́n nu omi ojú wọn, wọ́n ní bí ọmọ yẹn bá lè rẹ́rìn-ín báyẹn lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí wá ni àwọn ń jókòó ti fèrèsé fún. Mo lọ mú aṣọ gbígbẹ wá fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ilé yìí ò ti rójú. Wọ́n so rọ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn yàrá títí férémù fi tú tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fọ eyín, ìfófòó kún ara ògiri. Funfun ẹyin ni wọ́n ń jẹ, ojú mi ò sì gbà á kí pupa ṣòfò, èmi ni mò ń jẹ ẹ́, nítorí náà nínú àsìkò síkì yín yìí, èmi ló ń sanra. Nọ́ọ̀sì dé, ó ní kí wọ́n ká ẹsẹ̀, wọ́n ká a. Ó ní kí wọ́n nà án, wọ́n nà án. Ó jókòó sílẹ̀ láìjẹ́ pé a fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, mo rò pé ọ̀rọ̀ férémù ni wọ́n ń bá a sọ.

Kò mọ sí férémù. Lónìí ni mo mọ̀. Káfíńtà ti bá wọn fá pátákó méjì, ó yọ imú rẹ̀ sókè bí tìrẹ, ó sì fi ìṣó kan sálúbàtà mi àtijọ́ méjèèjì mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ sọ fún mi pé àwọn fẹ́ lọ kí atukọ̀ létí odò, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Má-mi-ọkọ̀ torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń bá èrò sọ nìyẹn. Ó ti fi ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ jáde. Mo tilẹ̀ bá wọn nu bàtà.

Mò ń rán apá aṣọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ariwo láti odò. Mo fi apá aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo sáré. Ọmọ mi, bàbá rẹ ni mo rí tí wọ́n jókòó sínú omi etídò, ṣòkòtò péńpé nìdí wọn, gálọ́ọ̀nù òfìfo láyà àti lẹ́yìn wọn, pátákó lẹ́sẹ̀ wọn, okùn lọ́wọ́ wọn. Mo pariwo. Wọ́n juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń lọ sí òkè òkun! Má-mi-ọkọ̀ fa ẹ́ńjìnnì, ó kọ̀. Ó tún fà á, ó kọ̀. Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tó gbá múú. Ọkọ̀ fò lọ. Pátákó dúró. Sálúbàtà mi dúró lórí pátákó. Bàbá rẹ lọ.

Ikùn ni wọ́n fi lọ, ẹnu wọn là sílẹ̀, omi ń wọlé, gálọ́ọ̀nù ń fò lókè lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo etídò ń ké pé ẹ jù ú sílẹ̀, bàbá, ẹ jù ú sílẹ̀! Wọn ò jù ú. Má-mi-ọkọ̀ ò bojú wẹ̀yìn, torí káfíńtà, tó ti bá a wọ inú ọkọ̀, dìde láti wò wọ́n, òun sì ń bá a jà pé kó má mi ọkọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo wọ omi. Ó dé orúnkún mi, ó dé ìbàdí mi, ó dé àyà mi, ibẹ̀ ni mo ti rántí pé mi ò mọ odò wẹ̀. Mo dúró gbagidi, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ju okùn sílẹ̀, tí wọ́n rì, tí wọ́n yọ, tí wọ́n ń wúkọ́, tí wọ́n wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti gbé ọwọ́ mi sókè, mo fẹ́ gbá wọn. Wọ́n tu omi, wọ́n bi mí pé ṣé àwọn dìde.

Mo ní dìde kẹ̀! Ẹ dùbúlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni! Wọ́n ní ó da àwọn lójú pé àwọn dìde díẹ̀. Mo fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ni mo wá wò ó pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi láti ibi tí wọ́n ti yọ, nínú omi tó mu wọ́n dé àyà. Ọ̀pá ò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ń retí ohun tí mo máa sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dìde. Mo ní gbogbo wa la rí i. Wọ́n mú mi lọ́wọ́, a jọ rìn jáde.

Wọ́n ti sùn báyìí, wọ́n ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ ò sún mọ́ fèrèsé. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀bi pátákó ni, kí o fi tìrẹ tó bá ti gbó ránṣẹ́. Èmi ò fi tèmi kún un o. Tèmi ni pé kí o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí àwa méjèèjì lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àsìkò yín bá ṣí, torí mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ. Kí o fi díẹ̀ kún un fún bàtà tí mo máa wọ̀ wá. Jọ̀ọ́, má gba ilé ìfowópamọ́ fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ojú mi ni kọ́kọ́rọ́ owó mi báyìí. Mo gbé ojú síwájú ẹ̀rọ wọn tó ń wo ojú ènìyàn, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Mo ní èmi náà ò mọ̀ ọ́ rí, mo bá tèmi lọ. Fi lé awakọ̀ pákó lọ́wọ́, òun mọ ojú mi.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ fún mi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ ò ní tòògbé lórí iṣẹ́. Omi tó gbé ọ ró lónìí ò ní yíwà padà sí ọ lọ́la. Ibi tí o bá ti ṣubú, ibẹ̀ á rọ̀ ọ́ lára, ọwọ́ tó máa gbé ọ á sì wà nítòsí. Ayọ̀ tó wá bá ọ lẹ́yìn ìbànújẹ́ á jókòó tì ọ́ pẹ́, kò ní bi ọ́ ní ọ̀nà ilé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí aṣọ rẹ̀ ṣì ń kán omi nínú àgbàlá.